Dùbáì sí Guangzhou: bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó àti wákàtí tí bàálù ń lò

Arábìnrin wa tí ó ń lọ ra ọjà ní Guangzhou, ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, fún ìgbà àkọ́kọ́ béèrè ìdí tí wákàtí àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ kò fi bára mu. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sọ pé yóò gbéra ní Dùbáì ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, yóò sì gúnlẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́. Nígbà àbọ̀, yóò gbéra ní aago kan òru, yóò sì dé Dùbáì ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Lójú rẹ̀, àlọ gba wákàtí mọ́kànlá ààbọ̀, àbọ̀ sì gba mẹ́rin ààbọ̀ péré.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi aago ìlú kan yọ kúrò nínú ti ìlú kejì. Aago ìlú tí bàálù ti ń gbéra ni wọ́n fi ń kọ ìgbéra, aago ìlú tí ó ń gúnlẹ̀ sí ni wọ́n sì fi ń kọ ìgúnlẹ̀. Wákàtí mẹ́rin ni aago Ṣáínà fi ṣáájú ti Dùbáì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ń sún aago rẹ̀ síwá sẹ́yìn nínú ọdún bí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ṣe ń ṣe. Ẹ yọ mẹ́rin kúrò nínú ti àlọ, yóò ku méje ààbọ̀. Ẹ fi mẹ́rin kún ti àbọ̀, yóò di mẹ́jọ ààbọ̀. (Ẹni tí yóò máa pe àwọn ọmọ nílé, kí ó rántí pé wákàtí méje ni Ṣáínà fi ṣáájú Nàìjíríà.)

Wákàtí kan tí àbọ̀ fi ju àlọ lọ yẹn, afẹ́fẹ́ ló fà á. Nǹkan bíi kìlómítà 5,800 ni ọ̀nà náà, yálà lálọ tàbí lábọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti Èkó sí Dùbáì. Ṣùgbọ́n ní òkè ibi tí àwọn bàálù ńlá ń fò, afẹ́fẹ́ líle kan máa ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, ó ń ti bàálù lẹ́yìn nígbà àlọ, ó sì ń dojú kọ ọ́ nígbà àbọ̀. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ yìí máa ń sún wá sí gúúsù àwọn òkè Himalaya tó wà ní àríwá Íńdíà, ní apá ibi tí ọ̀nà bàálù yìí wà, ó sì máa ń le sí i.

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù lọ, nítorí mo ti rí ohun tí ó fà. Ní oṣù Kìíní ọdún kan, ìyá oníṣòwò kan tí a jọ ń bọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ láti Guangzhou sí Dùbáì, ó sì ra òmíràn láti Dùbáì sí Èkó, àlàfo àárín wọn kò sì tó wákàtí mẹ́ta. Afẹ́fẹ́ fa bàálù wa sẹ́yìn, ìyá náà ṣì ń dúró de ẹrù rẹ̀ nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn bàálù Èkó. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kejì ṣègbé, nítorí ilé-iṣẹ́ tí ó tà á kò mọ̀ nípa ti àkọ́kọ́.

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí ajẹ́ńtì yín ta gbogbo ìrìnàjò náà láti Guangzhou títí dé Èkó lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Bí ó bá di dandan kí ó jẹ́ méjì, ẹ fi ó kéré tán wákàtí márùn-ún sáàárín wọn, kí ẹ sì fi kún un bí ó bá jẹ́ oṣù Kìíní.