Ọ̀gá mi, ẹ má tíì ṣí agolo ọ̀dà yẹn

Ọ̀gá mi, ẹ kú oríire ọkọ̀ ojú omi o. Ẹ ní ọkọ̀ fáíbà àlòkù lẹ rà, pé wọ́n ti kun ìdí rẹ̀ ní ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí ewé omi àti barnacle, ẹran omi kéékèèké oníkarahun tó ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀, hù síbẹ̀, àmọ́ ẹni tó tà á fún yín kò mọ irú ọ̀dà tó jẹ́. Ẹ wá ń béèrè bóyá ẹ lè kun tuntun lé e lórí, àbí dandan ni kí ẹ fá ti àtijọ́ dànù.

Ẹ lè kùn ún lé e lórí, bí ti àtijọ́ bá ṣì dì mọ́ ọkọ̀ gírígírí. Bí kò bá dì mọ́ ọn, kò sí ọ̀dà olówó ńlá kan tó lè gbà yín. Ara ti àtijọ́ ni tuntun máa lẹ̀ mọ́, kì í ṣe ara ọkọ̀. Ọjọ́ tí ti ìsàlẹ̀ bá ṣí, tòkè á bá a lọ.

Ẹ mú ọ̀bẹ tó mú, ẹ fi ya ìlà mélòó kan ní ìbú àti ní òró sára ọ̀dà náà, ẹ lẹ téèpù tó lágbára mọ́ ọn, kí ẹ sì fà á yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀dà bá bá téèpù wá, fífá ló kàn. Ẹ ṣe é níbi púpọ̀, pàápàá níbi tí ojú omi ń dé àti lára ìtọ́kọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àkísà tútù ra á. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ń yí àkísà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú omi. Bí kò bá yí i, ó jọ pé èyí tó le ni. Ọ̀dà tó ń yọ́ lè gun èyí tó le, bí ẹ bá ti fi sáńpépà ra ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí èyí tó le gun èyí tó ń yọ́ láé, nítorí ohun tó dúró lé á máa yọ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀ ni. Bí ọ̀rọ̀ náà ò bá ṣì yé yín, práímà kan wà tí wọ́n ń tà láti fi la ọ̀dà àtijọ́ àti tuntun láàárín. Ti fífọ̀ ọkọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: gbàrà tí wọ́n bá gbé e jáde ni, kí barnacle tó gbẹ mọ́ ọn.

Ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé sí yín gan-an ni ìléròrò tó máa ń wú sára ọkọ̀ fáíbà.

Kí ẹ tó ronú kan ọ̀dà rárá, ẹ wo fáíbà náà fínnífínní kó tó gbẹ. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ gbé e súnmọ́ ara ọkọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Ibi tó bá wú á fi òjìji rẹ̀ hàn yín. Ẹ wọ awò tó bo ojú pátápátá, kí ẹ tó fi ìṣó gún ọ̀kan. Omi inú rẹ̀ máa ń ta jáde pẹ̀lú agbára, kò sì dáa kó kan ojú. Bí ẹ bá fi ìka méjì pa á pọ̀, á máa yọ̀, òórùn kíkan rẹ̀ á sì máa gún imú. Ẹ ti mọ̀ nìyẹn pé kì í ṣe abẹ́ ọ̀dà nìkan ni omi dé, ó ti wọ inú fáíbà lọ.

Nígbà tí tèmi ṣẹlẹ̀, ọ̀gá kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíyẹ ọkọ̀ wò ni wọ́n mú wá. Ó gbé ẹ̀rọ tó ń wọn omi lé orí ọ̀dà àtijọ́ náà, ọ̀dà tó kún fún bàbà. Bẹ́ẹ̀ bàbà máa ń da ẹ̀rọ yẹn láàmú, kò lè sọ òótọ́ lórí rẹ̀. Kò fá ibì kankan. Kò gún ìléròrò kan ṣoṣo. Ó kọ nọ́ńbà sínú ìwé, ó ní kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ kó gbẹ, kí a wá fi epoxy, àtè olómi méjì tí wọ́n ń pò pọ̀ kó lè le, dí i. Ó gbowó rẹ̀, ó lọ. Bó ṣe wí la ṣe ṣe é. Ọkọ̀ náà dán gbinrin. Kò sì pẹ́ tó padà sómi tí ìléròrò fi tún hù lábẹ́ epoxy tuntun, èyí tó tóbi ju ti àkọ́kọ́. Mo pè é: ó ní ẹjọ́ àwọn tó kùn ún ni. Àwọn tó kùn ún ní ẹjọ́ ọ̀dà ni. Ẹni tó ta ọ̀dà ní ẹjọ́ òjò ni. Títí di òní, kò sẹ́ni tó dá kọ́bọ̀ padà nínú wọn.

Ohun tó yẹ kó sọ fún wa rèé. Omi máa ń gba inú gelcoat, ìyẹn ìpele dídán tó bo fáíbà lóde, kọjá díẹ̀díẹ̀, bí kò tilẹ̀ sán. Bó bá dé inú, ó máa ń tú àwọn kẹ́míkà kan jáde nínú resin, àtè tó so fáíbà pọ̀, wọ́n á sì kóra jọ sínú àwọn ihò kéékèèké. Omi kẹ́míkà yìí ló ń fa omi òde wọlé sí i, tí gelcoat fi ń wú. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ sí oòrùn, omi á gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kẹ́míkà náà kì í bá omi lọ. Ó wà níbẹ̀ bí iyọ̀ tó ń rin nígbà òjò: bí ọ̀rinrin bá ti dé, á tún fà á mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí gbígbẹ nìkan kò fi wò ó sàn. Fífọ̀ ló ń wò ó. Ẹ ṣí ìléròrò náà dé ìsàlẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún fọ̀ ọ́, ẹ tún un fọ̀, títí tí kò fi ní yọ̀ lọ́wọ́ mọ́, tí òórùn yẹn á sì lọ pátápátá. Ó ń gba oṣù, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀sẹ̀ ni, ẹ má san owó fún un.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bó bá ti gbẹ, ẹ lẹ ọ̀rá tó mọ́ gaara mọ́ ara fáíbà, kí ẹ fi téèpù dí etí rẹ̀ yíká. Bí ìrì bá sẹ̀ sínú ọ̀rá náà, ó kù. Bí ẹ bá sì ń lo ẹ̀rọ, ibi kan náà ni kí ẹ máa wọ̀n. Ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì síbẹ̀. Bí nọ́ńbà ṣe ń lọ sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ lẹ ń wò, kì í ṣe nọ́ńbà ọjọ́ kan.

Kí n má pa yín láyà ṣá o. Ìléròrò mélòó kan kò lè ri ọkọ̀. Ẹ ṣí wọn, ẹ fọ̀ wọ́n, kí wọ́n gbẹ, kí ẹ fi epoxy tó nípọn dí wọn. Ẹ má lo polyester, irú resin mìíràn, kì í fara da omi bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá bo ìdí ọkọ̀ káàkiri ni ọ̀rọ̀ bíbó gbogbo gelcoat ń dé, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré mú yín débẹ̀.

Ti eruku ńkọ́? Ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ ra ọ̀dà yìí láé. Oró ni wọ́n pò mọ́ ọn, torí kó lè pa nǹkan ni wọ́n ṣe ṣe é. Sáńpépà olómi ni kí ẹ lò, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ wọ ìbòmú tó dáa, kí ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ láti gba ìdọ̀tí. Bí ọkọ̀ yín bá ti pẹ́, TBT, oró kan tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, lè wà nínú ọ̀dà ìsàlẹ̀ pátápátá. Èyí ló ń mú kí abo ìgbín òkun hu ẹ̀yà ara akọ. Ó fojú oyster, ẹran omi oníkarahun tí wọ́n ń sìn fún jíjẹ, rí màbo ní Arcachon, etíkun kan nílẹ̀ Faransé, débi tí ìjọba ibẹ̀ fi fòfin dè é lọ́dún 1982 fún ọkọ̀ tí kò gùn tó mítà 25. Àjọ IMO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, ṣe àdéhùn àgbáyé lórí rẹ̀ lọ́dún 2001, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2008. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá pariwo lé mi lórí nítorí omi pupa tó kán sílẹ̀, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń fá ọ̀dà láìbo imú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Títí di òní, inú ń bí mi sí i.

Ohun mìíràn tí ẹ ò béèrè: bí ẹ́ńjìnnì yín bá ní ẹsẹ̀ álúmíníọ̀mù tó ń wọ omi, ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà oníbàbà kàn án. Nínú omi iyọ̀, bàbà á jẹ álúmíníọ̀mù náà run. Ọ̀dà tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Àwọn irin síǹkì tí wọ́n dè mọ́ ìdí ọkọ̀ ńkọ́? Ẹ má kùn wọ́n rárá. Iṣẹ́ wọn ni kí ìpẹtà máa jẹ wọ́n dípò irin yín, bí ẹ bá sì ti fi ọ̀dà bò wọ́n, wọn ò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Bó bá ti jẹ wọ́n dé ìdajì, ẹ pààrọ̀ wọn. Ẹ má sì dá fọwọ́ ara yín yọ igi tí wọ́n fi ti ọkọ̀ ró torí pé ẹ fẹ́ kun abẹ́ rẹ̀. Ẹ pe àwọn tó gbé e síbẹ̀.

Kíkùn fúnra rẹ̀ rọrùn. Bàbà wúwo, ìdí agolo ló máa ń sùn sí, nítorí náà ẹ fi igi pẹlẹbẹ ro ó láti ìsàlẹ̀ títí igi ò fi ní gbé ẹrẹ̀ kankan bọ̀ mọ́. Ẹ tún máa rò ó bí ẹ ṣe ń lò ó. Ẹ fi ìpele kan kún ibi tí ojú omi ń dé, iwájú ọkọ̀ àti etí ìtọ́kọ̀, torí ibẹ̀ ni omi ti ń jẹ ẹ́ jù. Bó bá jẹ́ pé epoxy lẹ kọ́kọ́ fi sí i, ẹ má jẹ́ kó le tán kí ọ̀dà tó gùn ún: ẹ tẹ àtàǹpàkò mọ́ ọn, bó bá gba àmì ṣùgbọ́n tí kò yí yín lọ́wọ́, àsìkò ti tó. Ara agolo ni wọ́n kọ iye wákàtí tó gbọ́dọ̀ fi gbẹ kó tó wọ omi sí, àti ìgbà tí kò gbọdọ̀ kọjá lórí ilẹ̀. Ẹ kà á.

Ẹ fa téèpù yẹn ná, ọ̀gá mi, kí ẹ sọ ohun tó gbé wá fún mi, kí ẹ sì sọ bóyá ẹ rí ìléròrò. Lẹ́yìn ìyẹn la ó tó mọ irú ọ̀dà tí ẹ máa rà.