Kí ẹ tó kó oríkì sórí blog ọ̀fẹ́, ẹ wo ibi tí ẹ ó gbà jáde

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní Òmù-Àrán lẹ wà, ẹ ti kọ oríkì àwọn ìdílé Ìgbómìnà kún ìwé méjì, ẹ sì fẹ́ ibi ọ̀fẹ́ tí ẹ ó máa kọ wọ́n sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn odi lè kà á. Fóònù nìkan lẹ ní. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ mú Blogger tàbí WordPress.

Ẹ mú Blogger. Ó ní ibi tó kù sí, mo sì máa sọ wọ́n fún yín, torí ibi tó kù sí yẹn gan-an ni iṣẹ́ ọdún mẹ́ta máa ń gbà sọ nù.

Ẹwà ojú-ìwé ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: bí onílé bá ti ilẹ̀kùn ilé yìí lọ́la, báwo ni mo ṣe máa kó ẹrù mi jáde? Ilé ọ̀fẹ́ máa ń tì. Wọ́n ti GeoCities pa ní 2009, Posterous ní 2013. My Opera, tí àwọn tó fi Opera Mini jẹun nígbà fóònù Nokia kò lè gbàgbé, wọ́n tì í ní 2014. Kódà Typepad tí àwọn èèyàn ń sanwó fún, tó ti wà láti 2003, tì ní oṣù kẹsàn-án 2025, bí oṣù kan péré ni wọ́n sì fún àwọn tó wà níbẹ̀ láti palẹ̀ mọ́. Blogger ti wà láti 1999, Google rà á ní 2003. Pé ó ti pẹ́ kò sọ pé kò ní tì, àmọ́ ó ní ẹnu ọ̀nà tí ẹ lè gbà kó gbogbo ọ̀rọ̀ yín jáde nígbàkígbà, láì gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ni mo fi mú un.

WordPress tí àwọn èèyàn ń pè bẹ́ẹ̀, méjì ni. Èyí tó wà ní WordPress.org jẹ́ ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ tí ẹ ó gbé sórí àyè tí ẹ fowó háyà, àyè yẹn ló ń gbowó lọ́dọọdún. WordPress.com ló ní ilé ọ̀fẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àyè 1GB ni, wọ́n á máa fi ìpolówó tiwọn sí ojú-ìwé yín, bí ẹ bá sì fẹ́ lo orúkọ tiyín bíi .com tàbí .ng, ẹ gbọ́dọ̀ san owó ètò. Blogger kò gba kọ́bọ̀ lórí ìyẹn: owó orúkọ nìkan lẹ ó san fún ẹni tó tà á fún yín. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ ná owó báyìí, àmọ́ ẹ fi í sọ́kàn, torí ẹni tó bá ní orúkọ tirẹ̀ lè kó kúrò ní Blogger lọ síbòmíràn kí àwọn tó ń kà á má ṣìnà. Ibi kan ṣoṣo tí WordPress fi ju Blogger lọ fún iṣẹ́ yín ni pé ó ní ohun tí wọ́n ń pè ní Verse, tó ń gba ìlà oríkì bí ẹ ṣe tò ó gẹ́lẹ́. Mo máa padà sórí èyí.

Àwọn ibi ìkọ̀wé mìíràn náà wà. Ẹ fi Medium sílẹ̀: ẹ ò lè pààrọ̀ ìrísí lẹ́tà ibẹ̀ bó ṣe wù yín. Substack dára fún ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa bá àwọn èèyàn nínú ímeèlì, ó sì ń jẹ́ kí ẹ kó orúkọ àwọn tó ń gba ìwé yín jáde. Bí ẹ bá ní kí wọ́n máa sanwó, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń mú. Bí ó bá jẹ́ ìwé ìrántí ti ara ẹni ni, ohun tí ẹ ò fẹ́ kí ọmọ aráyé rí, Dreamwidth ni ǹ bá ní kí ẹ lọ: kò sí ìpolówó níbẹ̀, ẹ sì lè sọ lórí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan bóyá gbogbo ayé, àwọn tí ẹ yàn, tàbí ẹ̀yin nìkan ni yóò rí i.

Ó wá kan àmì ohùn, níbi tí iṣẹ́ oríkì ti máa ń bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà mọ é bí ẹyọ kan, ó mọ ẹ bí ẹyọ kan. Àmọ́ ẹ́ kò ní ẹyọ tirẹ̀: ẹ ni, tí wọ́n wá fi àmì òkè lé e lórí. Ọ̀ àti ọ́ náà rí bẹ́ẹ̀. Ìwé lẹ́tà (font, ìrísí lẹ́tà) tí wọn ò yà pẹ̀lú ọgbọ́n yìí á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó gbé e lé lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, tàbí kó fi àpótí òfìfo hàn. Ìgbà mìíràn ẹ ó rí i pé ẹ́ nìkan ló dúdú tàbí tó tóbi ju àwọn yòókù lọ. Ìwé lẹ́tà yẹn kò ní in, fóònù ló lọ yá a láti inú òmíràn.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ ṣí blog náà, ẹ kọ ìlà kan sí i, kí ìlà yẹn sì wà nínú àkọlé àti nínú ọ̀rọ̀, torí ìwé lẹ́tà àkọlé àti ti ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀. Ẹ lo oríkì Ìlọrin tí gbogbo wa mọ̀: «ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀». Ẹ tẹ Publish, kí ẹ wá fi fóònù mẹ́ta wò ó: tiyín, fóònù àtijọ́ kan, àti iPhone ẹnì kan. Ọ̀kọ̀ yẹn ni kí ẹ tẹ ojú mọ́. Bí àmì bá bọ́ lára rẹ̀, ó ti di ọkọ, tàbí ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko, tàbí ọkọ̀ tí à ń wọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo. Ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù kò ní mọ̀ pé ọ̀kọ̀ tí jagunjagun mú dání ni wọ́n ń sọ. Bí kò bá dára, ẹ lọ sí Theme, lẹ́yìn náà Customize, lẹ́yìn náà Advanced, kí ẹ pààrọ̀ ìwé lẹ́tà. Noto Sans àti Noto Serif gbé àmì wa dáadáa. Ẹ yẹra fún irú ojú-ìwé tí wọ́n ń pè ní Dynamic Views. Kì í ṣí dáadáa lórí Opera Mini tó ń fún dátà pọ̀.

Gboard, kíbọọ̀dù Google lórí fóònù, ní Yorùbá: ẹ fi kún un nínú Languages, kí ẹ tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kí àmì rẹ̀ jáde. Ẹ má da àmì abẹ́ lẹ́tà pọ̀ mọ́ra. Àwọn kan máa ń fi ìlà kékeré sábẹ́ e, àwọn kan ń fi tóótó. Lójú wa ọ̀kan náà ni, lójú kọ̀ǹpútà méjì ni wọ́n, ẹni tó bá fi tóótó wá ọ̀rọ̀ nínú ojú-ìwé lè má rí èyí tí ẹ fi ìlà kọ. Tóótó ni kí ẹ lò títí lọ. Bákan náà ni label tí ẹ ó fi ya àwọn ìlú sọ́tọ̀: «Òmù-Àrán» àti «Omu-Aran» yóò di àpótí méjì, ìdajì iṣẹ́ á wà níhìn-ín, ìdajì á wà lọ́hùn-ún. Ẹ kọ orúkọ Òró, Ṣáàrẹ́, Èsìẹ́ àti àwọn yòókù sórí bébà bí ẹ ó ṣe máa kọ wọ́n, kí ẹ má yẹ̀ ẹ́.

Ibì kan ṣoṣo ni kí ẹ yọ àmì kúrò: líǹkì. Ẹ́ ẹyọ kan nínú líǹkì lè di %E1%BA%B9%CC%81 bí wọ́n bá fi ránṣẹ́, àmì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nítorí lẹ́tà kan. Lórí WhatsApp ó lè gùn bí ìwé ẹjọ́, àwọn èèyàn á rò pé jìbìtì ni, wọn ò ní tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ Publish, ẹ ṣí Permalink lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀, ẹ mú Custom Permalink, ẹ kọ ọ́ láì ní àmì, kí ẹ fi dáàṣì sáàárín ọ̀rọ̀, bíi oriki-ile-oba. Ẹ ṣe é ṣáájú. Bí ó bá ti jáde, ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà sí draft kí ẹ tó lè yí i, líǹkì tí ẹ ti fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ á sì kú.

Ó di ti ìlà. Oríkì kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbọọrọ, bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá tẹ Enter ní Blogger, àyè ńlá lè ṣí láàárín ìlà méjì bíi pé ẹ bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ tuntun. Bí ẹ bá wá ní kí ẹ lẹ ọ̀rọ̀ sínú HTML view (ojú tó ń fi kóòdù àkọsílẹ̀ hàn) bẹ́ẹ̀, gbogbo ìlà á dà papọ̀ di ẹyọ kan. Ohun tó ń yanjú rẹ̀ ni pé kí ẹ wà nínú HTML view, kí ẹ fi <br> (lẹ́tà b àti r láàárín àmì < àti >) sí ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó ń gba àkókò, àmọ́ ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ dà á kọ, kí ẹ máa lẹ̀ ẹ́. Ẹ má kọ oríkì tààrà sínú Blogger lórí fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ, ìlà mẹ́wàá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tò á sì lọ. Inú Keep tàbí ìwé àkọsílẹ̀ fóònù ni kí ẹ ti kọ ọ́ parí. Bí ó bá jẹ́ inú Word ni wọ́n ti bá yín tẹ̀ ẹ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ bí plain text, torí Word máa ń kó àwọ̀ àti ìwọ̀n lẹ́tà tirẹ̀ wọlé, yóò sì ba ojú-ìwé jẹ́ níbi tí ẹ ò ti lè rí i.

Àwòrán kò le. Fọ́tò fóònù kan lè tó 4MB. 1GB ti WordPress á gba bí 250 nínú irú rẹ̀. Google fún yín ní 15GB, ṣùgbọ́n ímeèlì, Drive àti Photos ló jọ ń jẹ ẹ́, bí ó bá sì kún, ímeèlì kò ní wọlé mọ́. Ẹ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp bí fọ́tò lásán, kí ẹ wá lo èyí tó padà wá. Kò sábà ju 300KB lọ, ó sì yọ ibi tí kámẹ́rà kọ sínú rẹ̀ pé ilé yín wà. Ojúlówó fọ́tò kí ó wà nípamọ́.

Ohùn arúgbó tó ń ki oríkì, Blogger kò ní àyè fún un. Ẹ gbé e sí archive.org, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ mú kóòdù Embed rẹ̀ wá lẹ̀ mọ́ HTML view. Gbogbo ayé ló máa gbọ́ ohun tó bá wà níbẹ̀ o, kò sí pé ẹ̀yin nìkan ni yóò gbọ́ ọ.

Àkáǹtì tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni ló ń pa iṣẹ́ ju títì tí onílé ń ti ilé lọ. Ẹ má fi ímeèlì ibi iṣẹ́, bíi ti ilé-ìwé, ṣí i. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ̀yìn tì ni wọ́n á tì í. Láìwọlé fún ọdún méjì, Google lè pa àkáǹtì rẹ́. Nọ́ńbà fóònù tí kò ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà ni wọ́n lè gbé kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Nàìjíríà, bí ó bá sì pé ọdún kan, ó lè di ti ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà yẹn ni Google ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí. Nítorí náà ẹ lọ sí Security nínú àkáǹtì Google, ẹ wá Backup codes. Mẹ́wàá ni wọ́n ń fúnni, onínọ́ńbà mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ wọ́n sórí bébà, kí ẹ fi sínú ìwé tí ẹ fi ń kọ oríkì. Kí ẹ wá lọ sí Settings, Permissions, ẹ pe ọmọ yín kan tàbí àbúrò tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ sì sọ ọ́ di Admin. Bí tiyín bá tì, tirẹ̀ ṣì ń ṣí.

Ẹnu ọ̀nà àbájáde wà ní Settings, Manage blog, Back up content. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni kí ẹ gba fáìlì rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì Admin kejì, kí ẹ sì fi sórí flash. Ọ̀rọ̀ ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé e fún, ẹ má fi ṣe ibi ìpamọ́ àwòrán; ìdí tí mo fi ní kí ẹ tọ́jú ojúlówó nìyẹn. Fáìlì tí ẹ kò tíì dán wò kì í ṣe ààbò. Ẹ ṣí blog kejì tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ẹ tẹ Import content, ẹ pa Automatically publish, kí ẹ ka oríkì méjì nínú ohun tó wọlé bóyá àmì wọn pé.

Ẹ tún sọ pé ìdílé kan ò fẹ́ kí oríkì tiwọn jáde síta. Ẹ má kó o mọ́ ti àwọn yòókù. Blog mìíràn ni kí ẹ ṣí fún un lórí àkáǹtì kan náà, Settings, Reader access, Custom readers, kí ẹ kọ ímeèlì àwọn ọmọ ilé náà sí i, kò gbà ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tí kò bá ní àkáǹtì Google nínú wọn, ẹ bá a ṣí i kí ẹ tó fi ìpè ránṣẹ́, torí ìpè náà máa ń kọjá àkókò.