Bí Wọ́n Bá Ti Rí Abẹ́ Òkun, Kí Ló Dé Tí Kànga Epo Ṣì Ń Gbẹ?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àpáta ní Yunifásítì Èkó, ní Akọka, sọ pé ìró ni àwọn ilé iṣẹ́ epo fi ń wo abẹ́ òkun kí wọ́n tó gbẹ́ kànga. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n ń náwó rẹpẹtẹ sórí kànga tí wọn kì í bá epo nínú rẹ̀? (Ìyá kan láti Ṣómólú)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, òótọ́ ni ọmọ yín sọ, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ tí kò tíì sọ fún yín. Ìró kì í fi epo hàn. Ibi tí irú àpáta kan ti pàdé òmíràn ni ó ń fi hàn. Lórí òkun, ọkọ̀ ojú omi a máa fa ìbọn afẹ́fẹ́ tó ń tú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti kì pọ̀ sínú omi lójijì, a sì tún máa fa àwọn okùn tí gígùn wọn ń lọ sí kìlómítà mélòó kan, tí ẹ̀rọ agbọ́ròó wà káàkiri inú wọn. Níbi tí ìró bá ti kan àpáta tí ìwúwo rẹ̀ àti bí ìró ti ń yára tó nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti òkè rẹ̀, díẹ̀ a padà bí gbohùngbohùn, ìyókù a sì máa lọ sísàlẹ̀.

Àkókò ni ẹ̀rọ náà ń kọ sílẹ̀, kì í ṣe jíjìn, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìró lọ, ó sì bọ̀, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.4. Bí onímọ̀ bá gbà pé mítà 2,500 ni ó ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àpáta náà wà ní mítà 3,000 nísàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé mítà 2,700 ni ó ń rìn ní ti gidi, mítà 3,240 ni yóò jẹ́. Nígbà tí eré ìró bá sì yàtọ̀ láti apá kan sí èkejì, òkìtì tí a rò pé a rí lábẹ́ ilẹ̀, tí a ní epo yóò jókòó sí lórí, lè má jẹ́ òkìtì rárá.

Gáàsì ni ó tún ń tan ènìyàn jẹ jù, ní tèmi. Iyanrìn tí gáàsì wà nínú rẹ̀ sábà máa ń dá ìró padà gidigidi, tí àwòrán ibẹ̀ yóò sì tàn yòò. Bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀nba gáàsì tó dà pọ̀ mọ́ omi, tí kò tó ohun tí a lè tà, lè tàn bákan náà. Ní Niger Delta pẹ̀lú, ilẹ̀ ti ya ní ọ̀pọ̀ ibi, apá kan a yọ̀ wálẹ̀, epo a sì há sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó ya. Àwòrán lè fi ibi tó ya hàn kedere, ṣùgbọ́n bóyá ojú rẹ̀ dí tàbí ó ń jò, kò lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́.

Nítorí náà, kànga àkọ́kọ́ tó gbẹ kì í ṣe òfò pátápátá. Wọn a sọ ẹ̀rọ agbọ́ròó kalẹ̀ sínú rẹ̀, wọn a dá ìró sílẹ̀ lókè, wọn a sì wọn eré tí ìró ń sá gan-an láti ìpele dé ìpele, kí wọ́n tó tún gbogbo àwòrán náà yà.