Omi òkun wọ oko lẹ́yìn ìjì: ẹ má tíì gbin nǹkan kan

Ẹ kú àdánù o. Ẹ ní omi òkun bo oko yín nígbà tí ìjì cyclone jà, omi ti fà báyìí, ẹ wá ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ tètè gbin àgbàdo kí àsìkò má bàa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù ná. Etí òkun lèmi náà ti ń dáko, ìjì ti kó irè oko mi lọ rí, ohun tójú mi sì rí ni pé atẹ́gùn gan-an kọ́ ni wàhálà, iyọ̀ tómi fi sílẹ̀ ni. Atẹ́gùn á jà á lọ, ẹ ó rí gbogbo ohun tó bà jẹ́ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ iyọ̀ á kàn jókòó sínú ilẹ̀ ni, ẹ ò ní mọ̀ àfìgbà tí etí ewé bá ń gbẹ bíi pé iná jó o.

Ẹ kọ́kọ́ la ojú gọ́tà kí omi tó kù nínú kòtò ṣàn jáde. Òjò ló máa fọ ìyókù, àmọ́ omi òjò yẹn gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ kó sì ríbi jáde nísàlẹ̀, tí ò bá ríbi jáde, oòrùn á tún fa iyọ̀ padà sókè, ẹ ó rí i tó funfun lórí ilẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí tírákítọ̀ wọbẹ̀ nígbà tó ṣì tutù o, ilẹ̀ á kì pọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé òjò kàn ń dúró lórí ilẹ̀ tí kò wọlé, gypsum, ìyẹn òkúta funfun kan tí wọ́n lọ̀ kúnná, ni wọ́n máa ń dà sí i kó lè lé sodium, èròjà inú iyọ̀ tó ń ba ilẹ̀ jẹ́, kúrò lára ilẹ̀, ṣùgbọ́n gypsum láìsí omi tó máa fọ̀ ọ́ lọ, owó lẹ fi ṣòfò yẹn.

Kẹ́ ẹ tó gbìn, ẹ walẹ̀ dé ibi tí gbòǹgbò ń dé, ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ sínú agolo kan, ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ ibi tómi ò dé sínú òmíì, ẹ gbin àgbàdo yẹn sí méjèèjì kẹ́ ẹ sì máa fi omi tó dáa rin ín. Tí tọ̀hún bá ń dàgbà tí toko yín sì ń rọ, ẹ ti rí ìdáhùn. Tẹ́ ẹ bá rẹ́ni wọn iyọ̀ ilẹ̀ fún yín, àgbàdo ò fẹ́ kó tó 2 dS/m (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí iyọ̀ ilẹ̀ ṣe pọ̀ tó nìyẹn), ìrẹsì á gbà á dé nǹkan bíi 3, òwú àti ọkà bálì lè gbà á dé itòsí 8 kí irè wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ lọ gbin irú ìrẹsì kan tó ń jẹ́ Swarna-Sub1. Ìrẹsì yẹn dáa, ó lè wà lábẹ́ omi fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kó má kú, àmọ́ omi tí ò níyọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe tòkun.

Fún ìgbà míì, irúgbìn tó ń tètè gbó ni kẹ́ ẹ máa wá. Nígbà tí ìjì cyclone tó ń jẹ́ Idai jà ní Mozambique ní March 2019, ó ku díẹ̀ kí wọ́n kórè ló dé, ó wá gbé irè oko wọn lọ lórí ìdúró. Ẹ kó irúgbìn díẹ̀ pamọ́ síbi tó ga, ẹ má sì kó gbogbo rẹ̀ sójú kan náà. Ẹ gbin igi dí ojú atẹ́gùn, àmọ́ ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín wọn, torí tó bá dí pa, ńṣe ni atẹ́gùn á fò ó kọjá tá sì já lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Kànga tẹ́ ẹ fi ń bomi rin ńkọ́, ṣé òkun ò wọ ìyẹn náà? Ẹ tún sọ bóyá yanrìn ni ilẹ̀ yín àbí amọ̀, torí òjò máa ń tètè fọ ti yanrìn, amọ̀ ló máa ń pẹ́.