Ìbò ará ìlú tí wọ́n ṣèlérí: ohun tí ojú wa rí ní Ọsirélíà

Àbúrò, o ní ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba lọ́dọ̀ yín sọ pé ará ìlú ló máa dìbò lórí ìgbéyàwó akọsákọ àti abosábo, o wá ń béèrè bóyá kí ẹ dúró tàbí kí ẹ lọ ṣe tiyín lókè òkun. Àwa obìnrin méjì yìí dúró o.

Lọ́dún 2004, ìjọba John Howard, olórí ìjọba wa nígbà náà, kọ ọ́ sófin pé ọkùnrin àti obìnrin nìkan ló lè fẹ́ ara wọn. Ẹgbẹ́ Labor tó jẹ́ alátakò náà gbè é lẹ́yìn, torí náà kí ẹnikẹ́ni má parọ́ fún ẹ pé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló dínà. Ní 2012, àbádòfin dé ilé aṣojú: 42 gbà, 98 kọ̀. Labor ní kí kálukú ṣe bí ọkàn rẹ̀ bá ṣe fẹ́. Liberal àti National, àwọn ẹgbẹ́ méjì tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀, de àwọn tiwọn lọ́wọ́.

Ìgbà tí Canberra, olú ìlú wa tó ní ilé aṣòfin tirẹ̀, ṣe òfin tiwọn lórí ìgbéyàwó wa ní 2013 la ní ó ti tán nìyẹn. A mú 14 December. A sanwó gbọ̀ngàn, a rán aṣọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wọ́gi lé òfin náà, àwọn tó ti ṣègbéyàwó láti ọjọ́ keje pàápàá, tiwọn dòfo. Mo pe ọ́fíìsì tó gba fọ́ọ̀mù wa. Akọ̀wé tó gbé e ní, ṣé kí òun sún ọjọ́ náà síwájú fún wa ni? Sún un dé ìgbà wo! Èmi ni mo ń pe àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n má wá mọ́. Nígbà tí mo pe ẹni kẹtàlá, ohùn mi ò jáde mọ́, olólùfẹ́ mi gba fóònù lọ́wọ́ mi.

Ìbò tí ò ń béèrè náà rèé. Ní 2015, Liberal àti National ṣèpàdé bíi wákàtí mẹ́fà, wọ́n ní àwọn ò ní tú àwọn aṣòfin wọn sílẹ̀ láti dìbò bó ṣe wù wọ́n. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìbò ará ìlú ti jáde. Ilé aṣòfin àgbà dà á nù ní 2016. Ní 2017 wọ́n fi ìwé ìbò ránṣẹ́ sílé kálukú, owó tó lé ní mílíọ̀nù 80 dọ́là. Aládùúgbò tó ń kí mi láràárọ̀ ń fi bírò pinnu ọ̀rọ̀ ilé mi! Ìdá 61.6 nínú ọgọ́rùn-ún ní bẹ́ẹ̀ ni, síbẹ̀ èsì yẹn ò de aṣòfin kankan. Ọjọ́ keje December ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òfin náà kọjá.

Ti òkè òkun ńkọ́? Kẹ́ ẹ ṣọ́ra. Àwọn ọ̀rẹ́ wa kan ṣe tiwọn ní Kánádà kí òfin 2017 tó dé; ìjọba ibí ò kà á sí ìgbéyàwó nígbà náà, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ kọ ara wọn, kò sílé ẹjọ́ tó lè tú u ká níbí.

Fọ́ọ̀mù, ẹlẹ́rìí, ìkéde oṣù kan, ìyẹn ò le. Aṣòfin àdúgbò yín ni kó o kọ̀wé sí: bí ará ìlú bá gbà, ṣé ó máa dìbò bẹ́ẹ̀? Kó kọ èsì sínú ìwé. Ìwé ìhágún àti ìwé ẹni tó máa sọ̀rọ̀ fún ọ nílé ìwòsàn, ẹ ṣe wọ́n lọ́sẹ̀ yìí.