Ìgbà Wo Ni Múọ́nù Ń Túká?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò ọjọ́ ayé múọ́nù (èérún tíntìntín tó jọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú átọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n tó wúwo jù ú lọ), nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ìgbà tí ẹyọ kan yóò túká? (Olùkọ́ kan, Ìkéré-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Ìpíndọ́gba ni wọ́n ń ṣírò. Bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, 2.2 péré nínú rẹ̀ ni múọ́nù ń lò kí ó tó di ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan àti nùtírínò méjì (èérún tí kò ní iná nínú, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo rárá). Nínú ìṣirò náà, tí ó ti inú àbá Enrico Fermi, onímọ̀ físíìsì, jáde, ìwúwo múọ́nù ni a ń fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀márùn-ún, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ìwúwo bá di ìlọ́po 2, ìyára ìtúká yóò di ìlọ́po 32.