Èsì: Ṣé "mi ò mọ̀ pé ọmọdé ni" lè yọ èèyàn?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè pé bí bọ̀bọ́ kan ní Ṣágámù bá ní ọmọbìnrin tóun bá sùn sọ fóun pé ọmọ ọdún 19 lòun, tó wá jẹ́ 15, ṣé ó yẹ kí wọ́n fi í sílẹ̀. Lójú òfin, rárá o. Child's Rights Act 2003, ìyẹn òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, abala 31, ní ẹni tó bá bá ọmọ tí ò tíì pé 18 sùn, ó lè gba ẹ̀wọ̀n gbére, pé ó rò pé ó ti pé 18 ò já mọ́ nǹkan kan, kódà kọ́mọ náà gbà fún un. Ní England wọ́n gbọ̀jẹ̀gẹ́ díẹ̀, bọ́mọ bá wà láàárín 13 sí 15, ilé ẹjọ́ á wò ó bóyá ìdí gidi wà tó fi rò pé ó ti pé 16, àmọ́ tí ò bá tíì pé 13, kò sáwíjàre.

Èmi ò lòdì sófin wa. Òótọ́ ni pé lọ́jọ́ Ojúde Ọba ọmọ JSS 3 á wé gèlè, á lé tíróò, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí àǹtí ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bá a sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ẹ bi í nípa iléèwé ẹ̀, àṣírí á tú. Àwa Ìjẹ̀bú tá a ń fi ọjọ́ orí ṣe régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà, a wá lá ò mọ bá a ṣe ń bèèrè ọjọ́ orí? Ibi tó ń dùn mí ni ìjìyà yẹn, pé ọmọ 19 tó ń fẹ́ ọmọ 17 àti bàbá 50 jọ lè gba gbére, kò dáa tó. Kí bọ̀bọ́ yẹn tètè wá lọ́yà jàre, kó má lọ bá òbí ọmọ náà dúnàádúrà nílé.